Ìgò Mẹ́ta Tí Mo Fi Dán Ẹ̀rọ Náà Wò

Ó ti pẹ́ tí mo ti ń ṣe iṣẹ́ kíkó ẹrù jáde ní èbúté Tin Can. Ẹni tó bá pẹ́ nídìí iṣẹ́ yìí kì í rí nǹkan kó gbà á bó ṣe rí. Wọ́n á kọ ọ́ sínú ìwé pé táyà àlòkù ló wà nínú kọ̀nténà. Ẹ ó ṣí i, ẹ ó bá ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ níbẹ̀. Wọ́n á ní ẹrù yín ti wà lójú ọ̀nà. Ẹ ó dé ibẹ̀, ẹ ó bá awakọ̀ níbi tó ti ń sùn lábẹ́ tírélà. Nítorí náà, bí ẹnìkan bá rẹ́rìn-ín sí mi, tó ní òun fẹ́ ṣe mí lóore, ìbéèrè kan ló máa ń kọ́kọ́ wá sí mi lọ́kàn: ta ló rán an?

Ọkàn yẹn ni mo fi pàdé ọ̀dọ́bìnrin tó gbé àpótí kékeré kan wọ ilé wa ní Ajégúnlẹ̀, tó ní òun wá yẹ omi wa wò.

Bàbá mi ló kọ́ ilé náà. Púlọ́ńbà ni, kó tó di olóògbé. Àwọn ilé ńláńlá tó wà ní GRA Àpápá, níbi tí àwọn ọ̀gá iléeṣẹ́ ọkọ̀ ojú omi ń gbé, òun ló ń bá wọn tún páìpù wọn ṣe. Òun sì ni ẹni àkọ́kọ́ tó gbẹ́ kànga ẹ̀rọ ní òpópónà wa, nígbà tí gbogbo ayé ń ru omi láti ọ̀nà jíjìn. Ó gbé táǹkì sórí òpó, ó fa táàpù kan sí iwájú ilé fún àwọn ayálégbé, ó sì fa òmíràn gba ẹ̀yìn ilé lọ sí ilé ìdáná màámi. Títí di òní, bí wọ́n bá ń júwe ilé wa fún àlejò, "ilé olómi" ni wọ́n ń pè é. Orúkọ yẹn máa ń mú mi gbé àyà sókè.

Èmi, ìyàwó mi àti àbíkẹ́yìn wa la jọ ń gbé lọ́dọ̀ màámi níbẹ̀. Ọmọbìnrin ni àbíkẹ́yìn náà, kò tíì pé ọmọ ọdún méje nígbà tí mò ń wí yìí. Nígbà òjò, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàròyé inú rírun. Oúnjẹ kò wù ú jẹ. Bó bá ti iléèwé dé, á na ara rẹ̀ sórí ẹní bí ẹni tó roko. Tíṣà rẹ̀ ránṣẹ́ pé àwọn ọ̀rọ̀ tó ti mọ̀ ọ́n kà tẹ́lẹ̀ ti ń di tuntun sí i lójú. Màámi se àgbo fún un. Ìyàwó mi ra oògùn aràn fún un ní kẹ́mísí. Èmi, mo fura pé ó ń fi àìsàn sá fún iléèwé ni, nítorí mo ṣe bẹ́ẹ̀ rí nígbà tí mo wà ní kékeré. Omi kò sí lára ohun tí ẹnikẹ́ni nínú wa rò. Omi ilé olómi kẹ̀? Màámi kì í sì í fún ọmọ náà ní omi tí kò bá tíì sè é kó hó.

Bẹ́ẹ̀ ni iléèwé ní kí ọmọ kọ̀ọ̀kan bu omi tí wọ́n ń mu nílé sínú ìgò wá. Wọ́n ní ọmọ iléèwé náà kan tẹ́lẹ̀, tó ti ń ṣiṣẹ́ ní yunifásítì báyìí, fẹ́ yẹ̀ ẹ́ wò. Inú bí mi. Iléèwé tí òrùlé kíláàsì rẹ̀ ń jò, omi ilé onílé ló fẹ́ yẹ̀ wò? Ọmọ ń sunkún pé gbogbo ẹgbẹ́ òun ló máa gbé ìgò tiwọn lọ, ni ìyá rẹ̀ bá bu omi fún un láti ilé ìdáná láàárọ̀ kùtù, ó gbé e lọ.

Kò pẹ́ rárá lẹ́yìn náà ni ọ̀dọ́bìnrin yẹn dé. Ọ̀sán Sátidé ni. Màámi ń ṣa ẹ̀wà níwájú ilé, èmi náà jókòó tì í. Ọ̀dọ́bìnrin náà kúnlẹ̀ kí màámi, ó kí mi.

"Ẹ káàsán, sà. Èmi ni mo wá sí iléèwé ọmọ yín nípa omi."

"Ẹ káàsán. Ta ló rán yín wá síbí?"

Kò ju ọmọ tí mo lè bí lọ, ṣùgbọ́n mo fi "ẹ̀yin" bá a sọ̀rọ̀. Kì í ṣe ti ọ̀wọ̀. Bí a ṣe ń bá aṣọ́bodè tí a ò tíì mọ inú rẹ̀ sọ̀rọ̀ ni.

"Kò sẹ́ni tó rán mi, sà. Nínú gbogbo ìgò tí àwọn ọmọ gbé wá, ti ọmọ yín ni òjé pọ̀ nínú rẹ̀ jù. Mo ní kí n wá yẹ omi náà wò ní orísun, kó má lọ jẹ́ pé ìgò ló bà á jẹ́."

Màámi gbé ojú sókè kúrò lórí ẹ̀wà. "Òjé? Òjé tí àwọn apẹja máa ń so mọ́ ẹsẹ̀ àwọ̀n?"

"Òun gan-an ni, Mà. Ṣùgbọ́n èyí ti yòrò sínú omi. Ojú ò lè rí i, ẹnu ò lè tọ́ ọ wò, kò sì ní òórùn."

"Mo máa ń se omi tèmi o. Á hó dáadáa."

"Kòkòrò ni iná ń pa, Mà. Kò lè lé òjé lọ." Ó wá yíjú sí mi. "Àwọn ọmọdé ló máa ń ṣe níbi jù, sà. Inú á máa run wọ́n, á máa rẹ̀ wọ́n, ohun tí wọ́n kọ́ ò ní fẹ́ dúró lórí wọn."

Ọ̀rọ̀ yẹn ló mú kí ìfura mi le sí i. Ta ló sọ fún un pé inú ń run ọmọ mi? Ó ti lọ wádìí wa lọ́dọ̀ tíṣà kó tó wá, ó wá ń ka àìsàn ọmọ mi sí mi létí bí aríran. Mo rántí pé ayálégbé wa kan ní ọmọkùnrin kan ní iléèwé yẹn kan náà.

"Ọmọ ayálégbé wa náà gbé ìgò wá. Ti òun ńkọ́?"

Ó wo fóònù rẹ̀. "Tirẹ̀ mọ́, sà. Kò sí wàhálà níbẹ̀."

Mo rẹ́rìn-ín. "Ẹ gbọ́ o, Màámi. Kànga kan náà! Táǹkì kan náà! Ọmọ ayálégbé ń mu omi tó mọ́, ọmọ onílé ń mu májèlé. Ṣé omi náà mọ onílé yàtọ̀ sí ayálégbé ni?"

Ọ̀dọ́bìnrin náà kò bínú. Ó ní, "Ohun tó rú mi lójú náà nìyẹn, sà. Ìdí tí mo ṣe wá nìyẹn."

Mo ní kó máa lọ. Màámi wò mí bí ẹni tí kò kọ́ ọmọ rẹ̀ bẹ́ẹ̀.

Ohun kan wà tí màámi kò kà sí, tí èmi kò sì lè gbé kúrò lọ́kàn. Ọkùnrin kan ti ń wá sọ́dọ̀ wa látìgbà díẹ̀ sẹ́yìn. Ó ní àwọn kan fẹ́ ra ilé wa àti méjì tó tẹ̀ lé e, kí wọ́n wó wọn lulẹ̀, kí wọ́n fi ibẹ̀ kó ẹrù tó ti èbúté wá pamọ́ sí. A kọ̀. Bí ọkùnrin náà ṣe ń padà wá ni ẹ̀rín rẹ̀ ń pọ̀ sí i. Ẹ wá wò ó: ilé tí wọ́n bá ti pariwo pé omi rẹ̀ ń pa ọmọ, ayálégbé wo ni yóò dúró nínú rẹ̀? Bí ayálégbé bá sì kó jáde, ta ni yóò bẹ ẹni tó fẹ́ rà á? Ọ̀rọ̀ náà tò lọ́kàn mi bí ẹní tò ó, kò sí àlàfo nínú rẹ̀.

Mo pe ọkùnrin náà lórí fóònù. Mo ní, "Ọmọbìnrin tí ẹ rán wá ti dé o."

"Ọmọbìnrin wo, ẹ̀gbọ́n?"

"Èyí tó ń yẹ omi wò."

Ó bú sẹ́rìn-ín. "Ẹ̀gbọ́n, ta ló fẹ́ mu omi yín? Ilé ẹrù la fẹ́ kọ́. Bí epo rọ̀bì ló ń jáde nínú kànga yẹn, a máa dí i ni."

Mo pa fóònù. Mi ò fẹ́ gbà á gbọ́, ṣùgbọ́n ẹ̀rín rẹ̀ kò jọ ẹ̀rín ẹni tí a ká mọ́. Mo ti gbọ́ ẹ̀rín àwọn tí a ká mọ́ rí, mo mọ̀ ọ́n.

Mo wá pinnu pé ẹ̀rọ tí ọ̀dọ́bìnrin náà fi ń yẹ omi wò gan-an ni màá dán wò. Ní èbúté, bí a bá fura sí òṣùwọ̀n, ohun tí a mọ ìwọ̀n rẹ̀ tẹ́lẹ̀ la máa ń gbé lé e. Mo wá ìgò mẹ́ta tí wọ́n rí bákan náà. Mo fọ̀ wọ́n pẹ̀lú ọwọ́ ara mi. Píọ̀ wọ́tà ni mo dà sínú ọ̀kan. Mo bu omi táàpù iwájú ilé sínú èkejì. Nígbà tó di àárọ̀, kí ẹnikẹ́ni tó fọwọ́ kan táàpù ilé ìdáná, mo bu ẹ̀kẹta níbẹ̀. Mo fi ọ̀bẹ ha àmì sí ìdí wọn, níbi tí ojú kò ti lè tètè rí i. Ìyàwó mi pàápàá kò mọ èwo ni èwo.

Mo bá ọ̀dọ́bìnrin náà ní iléèwé, níbi tó ti gba tábìlì kan ní kíláàsì tó ṣófo. Mo purọ́ fún un. Mo ní ilé mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni omi náà ti wá, ọ̀kan láti òdìkejì omi ní Snake Island, pé àwọn ará ibẹ̀ ló bẹ̀ mí.

Kò bi mí léèrè ohunkóhun. Ó gbé àpótí rẹ̀ jáde. Kò tóbi ju rédíò kékeré tí àwọn ọdẹ máa ń gbé sápò lọ. Wáyà kan so ó mọ́ fóònù rẹ̀. Ó fa pélébé kan yọ nínú ọ̀rá, irú èyí tí wọ́n fi ń wo ṣúgà nínú ẹ̀jẹ̀ màámi ní ọsibítù. Ó bu omi ìgò kìíní díẹ̀ sínú ife, ó kán oògùn kan sí i, ó ki ẹnu pélébé náà bọ̀ ọ́.

Mo bi í bó ṣe ń ṣiṣẹ́. Mi ò bi í torí kí n lè mọ̀. Mo fẹ́ gbọ́ bóyá á máa kólòlò ni.

"Iná mànàmáná díẹ̀ ni ẹ̀rọ náà ń rán sínú omi, sà. Bí òjé bá wà níbẹ̀, iná yẹn á fà á lẹ̀ mọ́ ojú pélébé yìí. Lẹ́yìn náà, iná á yí padà, òjé á tún já kúrò. Bó ṣe ń já kúrò ni ẹ̀rọ fi ń ka bó ṣe pọ̀ tó."

"Ó dà bíi pé kò wọ́n."

"Kò wọ́n, sà. Fóònù tí mo so ó mọ́ wọ́n jù ú lọ."

"Ohun tí kò wọ́n, ayédèrú ló sábà máa ń jẹ́."

Ó rẹ́rìn-ín músẹ́. "Èyí tó wà ní láàbù wa péye jù ú lọ, mi ò jiyàn. Ṣùgbọ́n ìyẹn tóbi bí àpótí aṣọ, kò lè kúrò lójú kan, ìgò kan sì lè pẹ́ níbẹ̀ kí ó tó kàn án. Èyí, mo lè gbé e dé ẹnu táàpù yín. Ohun tó bá sọ, màá tún gbé omi náà lọ sí láàbù kí n tó jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fọ́ nǹkan kan nílé rẹ̀."

Nọ́ńbà ìgò kìíní jáde. Ó mọ́. Mo wo àmì ìdí rẹ̀ lábẹ́ tábìlì: píọ̀ wọ́tà. Nọ́ńbà ìgò kejì jáde, ó mọ́. Omi táàpù iwájú ilé ni. Mo ti ń múra ẹ̀rín mi sílẹ̀. Nígbà tí nọ́ńbà ẹ̀kẹta jáde, ó yí fóònù náà sí mi. Ilà tó wà lójú rẹ̀ gòkè bí òpó, àwọ̀ rẹ̀ sì di pupa. Ó pààrọ̀ pélébé, ó tún un ṣe. Ó tún pupa.

"Sà," ó ní, "ẹni tó ń gbé ilé yìí, ẹ sọ fún un kó má fún ọmọdé ní omi yìí mu mọ́. Lónìí ni o. Kó má dúró de láàbù."

Mo mọ ẹni tó ń gbé ilé náà. Mo dìde, mo gbàgbé ìgò mi síbẹ̀, mo gun ọ̀kadà lọ sílé. Omi tí màámi ti sè, tó wà nínú kúlà, mo dà á nù sí ẹ̀yìnkùlé lójú rẹ̀. Ó ń bi mí pé kí ló dé, mò ń wí pé, "Ẹ má mu ún mọ́, Màámi. Kí ẹnikẹ́ni má mu ún."

Ọ̀rọ̀ kì í pẹ́ délé aládùúgbò ní Ajégúnlẹ̀. Kí ilẹ̀ ọjọ́ yẹn tó ṣú, gbogbo òpópónà ti gbọ́ pé májèlé wà nínú omi ilé olómi. Ìfura tí mo ti ń dá rù látọjọ́ yìí wá di ti gbogbo wa, ó sì ń wá ẹni tí yóò bà lé. Ó bà lé oníbátìrì.

Ọmọ Ùróbò ni oníbátìrì yìí, àdúgbò wa ni wọ́n bí i sí. Abẹ́ páànù kan ló wà ní iwájú ilé wa, lódìkejì gọ́tà. Àwọn bátìrì tó ti kú lára àwọn tírélà tó ń tò sí ọ̀nà Tin Can ni wọ́n ń kó wá fún un. Á fi àáké là wọ́n, á yọ òjé inú wọn, á tà á fún àwọn tó ń yọ́ ọ. Ta ni kò mọ̀ pé iṣẹ́ òjé ló ń ṣe? Nígbà tí mo máa fi jáde síta, èrò ti pé lé e lórí. Ẹnìkan ti di ọrùn ẹ̀wù rẹ̀ mú. Obìnrin kan ń kígbe pé kó ka ọmọ òun tó ń ṣàìsàn sí ara ẹni tó pa.

Ó rí mi, ó nawọ́ sí mi. "Ẹ̀gbọ́n, abeg, ẹ bá mi sọ fún wọn! Omi yẹn lèmi náà ń mu! Táàpù yín nìyàwó mi ti ń pọn!"

Mi ò ní parọ́, èmi náà ti fura sí i ní gbogbo ọ̀nà tí mo fi ń bọ̀ láti iléèwé. Ṣùgbọ́n bó ṣe dárúkọ táàpù yẹn ni nǹkan kan dúró lójú kan nínú orí mi. Táàpù iwájú ilé ló ń wí. Táàpù tó súnmọ́ gọ́tà rẹ̀ jù lọ. Ìgò kejì. Ó mọ́.

Mo gun orí àtẹ̀gùn ilé wa. Mo ní, "Ẹ fi í sílẹ̀. Bó bá jẹ́ bátìrì ló ba omi jẹ́, táàpù tó wà níwájú rẹ̀ yìí ló yẹ kó kọ́kọ́ bàjẹ́. Wọ́n ti yẹ̀ ẹ́ wò lójú mi. Ó mọ́. Inú ilé màámi, lẹ́yìn lọ́hùn-ún, ni omi ti bàjẹ́. Ẹ sọ fún mi bí òjé ṣe fo iwájú ilé kọjá lọ sí ẹ̀yìn."

Ẹnìkan ní bóyá wọ́n ti fún mi ní nǹkan. Èmi tí mo máa ń bi gbogbo ayé pé ta ló rán wọn, wọ́n wá ń bi èmi náà. Síbẹ̀, ẹni tó di oníbátìrì mú jọ̀wọ́ rẹ̀, torí pé ilé olómi ló sọ̀rọ̀. Wọ́n ní àwọn máa dúró di ìgbà tí ọ̀dọ́bìnrin ẹlẹ́rọ náà bá dé.

Mo ránṣẹ́ pè é, ó sì dé lọ́jọ́ kejì. Mo tẹ̀ lé e gẹ́gẹ́ bí mo ṣe ń tẹ̀ lé ẹrù tí mi ò fẹ́ kí wọ́n pààrọ̀ rẹ̀. Ìgbà yìí, mo jẹ́wọ́ irọ́ Snake Island fún un. Ó ní òun ti mọ̀ látìgbà tí mo ti sáré jáde láìmú ìgò. Ẹnu kànga la ti bẹ̀rẹ̀: omi mọ́. A gòkè táǹkì: ó mọ́. Táàpù iwájú: ó mọ́. A lọ sí ilé ìdáná, tí mo ti ní kí wọ́n má ṣí láti òru: ilà pupa dìde. Ó ní ká ṣí i sílẹ̀ kí omi náà máa dà fún ìgbà díẹ̀. A tún yẹ̀ ẹ́ wò. Ilà náà rẹlẹ̀ gan-an, ṣùgbọ́n kò lọ tán.

Ó jókòó sórí àpótí ìjókòó màámi, ó ń wo ògiri. "Sà, láàárín táǹkì àti táàpù yìí ni nǹkan náà wà. Omi tó bá sùn síbẹ̀ ló ń kó o. Kí ló wà láàárín wọn?"

"Páìpù ni. Kí ló tún máa wà níbẹ̀?"

"Irú páìpù wo?"

Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ sọ pé mi ò mọ̀ ni màámi dáhùn láti ẹnu ọ̀nà.

"Páìpù òyìnbó ni," ó ní. Ohùn rẹ̀ ní ìgbéraga díẹ̀. "Wọ́n ń wó ilé àtijọ́ kan ní GRA, ọ̀gá ibẹ̀ ní kí baba wọn kó páìpù tí wọ́n hú. Ó rù ú wálé díẹ̀díẹ̀. Ó wúwo, ọmọ mi! Ó ní páìpù ayé ìsinsìnyí, ìpẹtà ni yóò jẹ ẹ́, ṣùgbọ́n ti àwọn òyìnbó yẹn kò ní dípẹtà láéláé. Nígbà tó gbẹ́ kànga, ó ní iwájú ilé á gba rọ́bà, ṣùgbọ́n èyí tó dára jù lòun máa fà sí ilé ìdáná ìyàwó òun."

Ọ̀dọ́bìnrin náà kò wo ojú mi. A gbẹ́ ilẹ̀ ẹ̀yìn ilé. Kò jìn rárá tí a fi kan páìpù náà, aláwọ̀ eérú, tó tẹ̀ wọ́rọ́wọ́ bí ìfun. Mo fi ọ̀bẹ ha á. Ọ̀bẹ wọlé bí ẹni pé ọṣẹ ni mò ń gé, ojú ibi tí mo ha sì ń dán bíi fàdákà. Òjé ni, látòkè délẹ̀. Ó ṣàlàyé fún wa pé omi ilẹ̀ wa kan díẹ̀ bí omi ògì, pé omi tó bá kan ni ó máa ń jẹ òjé. Ní ilé GRA yẹn, ó lè jẹ́ pé omi ìjọba tó ń gba inú rẹ̀ kò jẹ ẹ́ tó bẹ́ẹ̀. Ó bu omi lọ sí láàbù gẹ́gẹ́ bó ti ṣèlérí. Ohun kan náà ni láàbù sọ.

Màámi jókòó ti kòtò náà títí gbogbo aládùúgbò fi lọ. Mo bẹ̀ ẹ́ kó wọlé, kò dìde.

"Baba rẹ ò mọ̀," ó ní.

"Kò sẹ́ni tó mọ̀, Màámi."

"Inú tó ń run ún lọ́dún tó lò kẹ́yìn yẹn. Ọwọ́ rẹ̀ tó ń gbọ̀n, tí kò lè di sípánà mú mọ́. A ní ọjọ́ ogbó ni." Ó yíjú sí ọ̀dọ́bìnrin náà, tó ń nu àpótí rẹ̀. "Ọmọ mi, ṣé òun náà ló pa á?"

Mo retí kó sọ̀rọ̀ bíi ti àwọn ọ̀mọ̀wé, kó sọ bẹ́ẹ̀ ni tàbí bẹ́ẹ̀ kọ́. Ó kúnlẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ màámi nínú ẹrẹ̀.

"Mi ò lè sọ, Mà. Mi ò fẹ́ pa irọ́ fún yín."

Ọjọ́ yẹn ni mo bẹ̀rẹ̀ sí í pè é ní "ìwọ".

A gbé ọmọ lọ sí ọsibítù, wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò, òjé wà níbẹ̀. Dókítà ní kò tíì pọ̀ dé ibi tí òun á fi fún un ní oògùn tó le, pé omi tó ṣe é ló yẹ kó kúrò nílẹ̀, ká fún un ní oúnjẹ tó dára, ká sì máa mú un padà wá. Nígbà tí a padà, ó ti lọ sílẹ̀ díẹ̀. Nígbà tí a tún padà, ó tún lọ sílẹ̀. Inú ò run ún mọ́. Ìwé kíkà ń padà bọ̀, ṣùgbọ́n ó ń rọra bọ̀ ni, dókítà kò sì ṣèlérí fún mi pé gbogbo rẹ̀ ló máa padà. Mo bi í lẹ́ẹ̀mejì bóyá ó ń fi nǹkan pamọ́ fún mi.

Ọ̀rọ̀ oníbátìrì kò dúró síbẹ̀. Kí ẹlẹ́rọ tó kúrò lọ́dọ̀ wa lọ́jọ́ yẹn, mo ní kó yẹ omi gọ́tà iwájú abẹ́ páànù náà wò. Ilà yẹn ga ju ti ilé ìdáná wa lọ fíìfíì. Kò tíì dé inú kànga wa, ṣùgbọ́n àwọn ọmọ ń fi ẹsẹ̀ lásán rìn nínú gọ́tà yẹn. Oníbátìrì wo ilà náà. Òun náà ní ọmọ kékeré. Ó ní òun kò ní la bátìrì níbẹ̀ mọ́, odindi lòun á máa tà wọ́n. Mo gbọ́. Síbẹ̀, mo máa ń gba iwájú rẹ̀ kọjá ní àkókò tí kò retí mi, mo sì máa ń tẹ́tí bóyá màá gbọ́ àáké. Mi ò tíì gbọ́ ọ.

Òun ló kọ́kọ́ wá bi mí nípa páìpù tí a hú. Ó ní òun lè bá mi tà á. Mo kọ̀ jálẹ̀. Ẹni tó bá rà á, ó lè yọ́ ọ pọ̀ mọ́ irin mìíràn, kó di ìkòkò ọbẹ̀ nílé ẹlòmíràn, ọmọ ẹlòmíràn á sì máa jẹ ẹ́. Ọ̀dọ́bìnrin náà ló wá fi ọkọ̀ yunifásítì gbé e lọ síbi tí wọ́n ń kó irú rẹ̀ pamọ́ sí. Mo tẹ̀ lé ọkọ̀ náà títí dé ibẹ̀. Mo fojú ara mi rí i nígbà tí wọ́n tì í mọ́lé.

Irú ẹ̀rọ yẹn kan wà ní iléèwé báyìí. Tíṣà ọmọ mi ló ń tọ́jú rẹ̀, àwọn òbí sì ń gbé omi wá láti òpópónà mìíràn. Èmi ni mo ní kí wọ́n máa fi omi tí wọ́n mọ̀ dán an wò kí wọ́n tó fi ti ẹlòmíràn sí i. Tíṣà ní mo ti ń yọ òun lẹ́nu jù. Ó ṣe é bẹ́ẹ̀ náà ṣá.

Páìpù rọ́bà tuntun ni mo fà sí ilé ìdáná màámi. A yẹ omi rẹ̀ wò láàárọ̀, a yẹ̀ ẹ́ wò lálẹ́, ó mọ́. Ó pẹ́ kí màámi tó gbà láti mu ún. Nígbà tó bu ún mu níkẹyìn, ó gbé ife náà sílẹ̀, ó ṣu ẹnu jọ, ó ní ó ń run rọ́bà. Mo bu tèmi náà, mo tọ́ ọ wò. Òótọ́ ni, ó ń rùn díẹ̀. Mo sọ fún un bẹ́ẹ̀. A jókòó sí ilé ìdáná, a sì jọ mu ún tán.